Kí Fírídọ̀mù Bámikẹ́ Tó Dé

Ìjọba ní èèyàn mélòó kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà náà dùn ún gbọ́. Ohun tí ìròyìn kì í sábà sọ ni pé ẹni tó bá fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ni mo bá gba Ọjà Àlàbá lọ, kí n lè fojú ara mi rí àwọn tí wọ́n ń kà.

Bámikẹ́ Kàsúmù, ìyá Sherifat, ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kì í gbórí sókè. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ bi í lóṣù tó kọjá bóyá ó níṣẹ́, ó ní rárá.

"Èwo ni rárá?" ni mo bi í.

"Mi ò tíì gba fírídọ̀mù. Iṣẹ́ ọ̀gá mi ni mò ń ṣe, kì í ṣe tèmi."

Adéníyì, tó ń ta rìmóòtù nísọ̀ kejì, rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ta ẹyọ kan lọ́sẹ̀ yẹn, tí mo fi ìyókù sùn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ mí."

Sátidé tí mo lọ yẹn gan-an ni ìdánwò ìkẹyìn tí Bámikẹ́ máa ṣe kó tó gba fírídọ̀mù. Àṣà wọn ni pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ á ba nǹkan kan jẹ́ lára tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ iṣẹ́ ò bá rí i, á tún lo ọdún kan sí i. Wọ́n gbé ọ̀kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn síwájú rẹ̀. Kò tàn.

"Ìyá Sherifat, ṣé ká ṣì lọ jẹun ká tó padà wá?" Ọ̀gá Jímọ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Bámikẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ tú u, ó sì dúró. Ó fa púlọ́ọ̀gì yọ lára ògiri, ó tú u. Fíúsì ò sí nínú rẹ̀.

"Ta ló mú fíúsì mi?"

Ọ̀gá Jímọ̀ la àtẹ́lẹwọ́. Fíúsì wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ti tú odindi tẹlifíṣọ̀n palẹ̀ nítorí ẹ̀.

Bámikẹ́ dá fíúsì padà, tẹlifíṣọ̀n tàn. Gbogbo ìsọ̀ pàtẹ́wọ́, Adéníyì ń jó láìsí orin.

"Bí àwọn tó ń ka òṣìṣẹ́ bá padà wá ńkọ́?" ni mo bi Bámikẹ́.

"Kí wọ́n jókòó tì mí. Kì í ṣe wákàtí kan o, àárọ̀ dalẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́." Ó yíjú sí obìnrin kan tó gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré wọlé. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ ti yẹ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò nílé?"