Àtẹ́lẹwọ́ Àwọn Àlejò Lára Mọ́tò Bàbá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú àánú ka ọ̀rọ̀ mi. N kò pẹ́ nílé ìwé kí wọ́n tó ní kí n wá máa ran àwọn ará ilé lọ́wọ́, kò sì mọ́ mi lára láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà lọ́kàn mi ni mo ṣe kọ ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Ìyẹn náà lè máa hàn nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé ní Kétu. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ìgbà tí òwò obì rẹ̀ gbèrú ni ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, aláwọ̀ búlúù, tó ń dán débi pé mo ń rí ojú ara mi lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò wa, àwọn ọmọdé á máa sá tẹ̀lé e.

Ẹni tó ta mọ́tò náà sọ bí a óò ṣe máa tọ́jú rẹ̀, Bàbá sì kọ́ mi, nítorí èmi ni mo máa ń tètè jí jù. Omi kànga tó mọ́ ni màá kọ́kọ́ dà sí i lára kí eruku pupa lè ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ni aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀, láti òrùlé wá sísàlẹ̀. Aṣọ tí mo bá fi nu táyà kò gbọdọ̀ kan ibòmíràn. Bí mo bá ti nù ún gbẹ, lábẹ́ igi máńgòrò, kí oòrùn tó mú, màá fi ìda inú agolo pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí yóò fi máa dán. Rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ká, èyí tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé, gilisarínì ni mo ń fi pa á kó má baà gbẹ kó sì là. Ìyá ilé, ìyàwó Bàbá, ní kí n fi àdí pa á bí a ti ń pa ọmọ tuntun. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." N kò fi àdí kàn án.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí kò sí ẹni tí mo ní láti bá sọ̀rọ̀. Bàbá sì ti ṣèlérí pé bí òun bá ń lọ sí Ìkòròdú ní Sátidé, èmi náà yóò bá òun lọ, kí n lè rí ìyá mi. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, kò lè rin ìrìn jíjìn. N kò tíì fojú kàn án láti ìgbà òjò.

Àwọn tó ń wá kí Bàbá kú oríire ni wọ́n ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í fi ẹnu lásán kí mọ́tò tuntun. Àlejò á gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, á ṣàdúrà, a ó ṣe àmín, á sì tún fọwọ́ pa á lára kó tó lọ jókòó. Ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ àkàrà, ọwọ́ tí wọ́n fi di ẹja odò Agboyi mú, orí ìda mi ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń wá. Kí Bàbá tó jí lówùúrọ̀, mo ti nù ún kúrò.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ọ̀rẹ́ Bàbá kan láti Ìkòsí, ọkùnrin gíga tó máa ń wọ òrùka fàdákà ńlá. Òun kì í gbọ́wọ́ lé e jẹ́ẹ́. Ó ń fi òrùka náà kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó sì ń dún kò, kò.

"Èyí tó jù báyìí lọ!" Kò! "Ẹ ó lò ó pẹ́ o!" Kò!

Bàbá di ojú, ó ń ṣe àmín. Láti ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo ti ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, òrùka yín."

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Àbí mọ́tò ló fọhùn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, oòrùn ràn sára bọ́nẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, Bàbá sì rí ibi tó ti ha. Ó pè mí.

"Kí lèyí?"

"Òrùka ni, Bàbá."

"Òrùka ta?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú rẹ̀? Ìyá ilé ti dé ibẹ̀.

"Òrùka kọ́! Iyanrìn odò tí a fi ń fọ ìkòkò ló fi fọ̀ ọ́. Mo ní kó lo àdí, kò gbọ́. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lára mọ́tò!"

Bàbá ní, "O ò ní bá mi lọ lọ́la. Ẹni tí kò lè tọ́jú mọ́tò kò ní jókòó nínú ẹ̀."

Iyanrìn! Bí ó bá ṣe iyanrìn ni, ṣé ojú kan náà ni yóò ha, ní ìlà kéékèèké, ibi tí ọwọ́ ọkùnrin tó ga máa ń bọ́ sí? Èmi tí n kì í jẹ́ kí aṣọ táyà súnmọ́ ọn!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àlejò tún dé, ará Ìkòsí náà sì wà nínú wọn. Ìyá ilé fi ibi tó ha hàn án. Ó mi orí.

"Ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ ọmọ yìí o," ló wí. Òrùka náà ló fi ń tọ́ka síbẹ̀. Ó sì tún ṣàdúrà. Kò!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí bí mo ti máa ń jí. Mo fa omi, mo gbé korobá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo ká aṣọ lé e létí. N kò tọwọ́ bọ omi náà. Ìrì ti sẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àwọn àlejò sì hàn kedere lórí ìda, ti ńlá ti kékeré, òrùka náà sì ti fi ìlà tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo wọ aṣọ tí mo ti pa mọ́ de ọjọ́ tí màá rí ìyá mi. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fi gilisarínì pa rọ́bà rẹ̀ yíká, nítorí òun kò ṣẹ̀ mí. Mo wọlé, mo jókòó, mo rọra pa ilẹ̀kùn dé, mo gbé ẹrù mi lé itan, mo ń dúró de Bàbá.