Aṣọ Tí Mo Rán fún Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi, télọ̀ Peckham nílùú London, ṣe di ẹni tó ń rán aṣọ fún ọkọ̀ òfurufú. Ẹ má rò pé mo ti mu nǹkan o. Tíì ló wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n mu ún.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé sùtánà ni mò ń rán. Tí ẹ bá rí aláṣọ funfun tí sùtánà rẹ̀ jókòó dáadáa léjìká ládùúgbò wa, ẹ bi í pé ta ló rán an. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan, orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ti ń ra èyí tí wọ́n ti rán sílẹ̀, ẹ̀rọ mi sì ń sinmi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ care, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó. Iṣẹ́ gidi ni, ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Mi ò fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Moinat wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí n bá òun gé jálàbíà tó gùn jù. Ìṣojú mi lọmọ yìí dàgbà, ẹnjiníà ni báyìí. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń rán etí aṣọ náà. Nígbà tó yá, ó mú nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde nínú báàgì, tó ń dán bíi fàdákà.

"Aunty, ṣé ẹ lè rán this one? It tears if you even look at it."

Mo rán an, kò ya. Ó ní, "Aunty, please, ẹ wá sí office wa on Monday."

Ọ́fíìsì wo? Ilé ìkẹ́rù ńlá kan ni, lẹ́bàá Surrey Quays! Moinat ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni tiwọn. Ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ẹrù lọ sójú òfurufú dà bíi bọ́ọ̀sì ńlá tó ń já gbogbo èrò sí New Cross: ẹni tó ń lọ sílé ní láti wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀. Ọkọ̀ mìíràn yẹn làwọn ń kọ́. Á gba sátẹ́láìtì lọ́wọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, á gbé e dé ibi tó yẹ kó wà gan-an. Ó ní lọ́jọ́ iwájú, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa gbé epo lọ fún àwọn tí epo wọn bá tán lókè, á sì máa wọ́ àwọn tó ti bàjẹ́ kúrò lọ́nà. Mo bi í pé ta ni dírẹ́bà. Ó ní kò sí, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti máa darí ẹ̀. Mo ní ó dáa, kò ní bá èrò jà.

Oòrùn òkè yẹn ń jó, òtútù ibẹ̀ sì burú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ fàdákà yẹn bo ọkọ̀ náà. Èèyàn ló sì ń rán an! Ẹni tó ń rán an fún wọn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀gá wọn, òyìnbó gíga kan tí kì í jókòó, ní kí n kọ́kọ́ rán èyí tí wọ́n máa fi bo táǹkì epo. Tó bá dáa, iṣẹ́ ti di tèmi. Tí kò bá dáa, fọ́ọ̀mù care ń dúró dè mí nílé.

Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́, wọ́n bo irun mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi pínnì sẹ́nu. Ṣé ẹ rí ìyà? Níbo ni télọ̀ ń fi pínnì sí? Táǹkì gan-an ò tíì dé, ìwọ̀n inú àwòrán ni mo fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an, orin ni mo sì ń kọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ sílé.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé mo fi àyè sílẹ̀. Ta ló ń sọ ìyẹn? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin kì í gé aṣọ mọ́ èèyàn lára. Níbi gbogbo tí a bá ti rán aṣọ pọ̀, ìwọ̀n ìka kan máa wà nínú, torí oníbàárà tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lónìí lè padà wá lẹ́yìn ọmọ kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é, mi ò tiẹ̀ rò ó.

Ọ̀gá òyìnbó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ojú ẹ̀ yí padà. Ó yí inú aṣọ síta, ó ní kí ni gbogbo èyí. Mo ní, "In case it gets fat."

Moinat fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá fi sùúrù ṣàlàyé pé gbogbo ohun tó ń lọ sókè ni wọ́n ń wọ̀n, èyí tó bá wúwo láìwúlò ń jẹ epo ni, táǹkì kì í sì í sanra. Ó ní kí n wá gé gbogbo ẹ̀ dànù lọ́jọ́ kejì, kí àwọn tó pinnu. Mi ò kọrin nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Ojú tì mí.

Ní àárọ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì mi dání. Moinat sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Aunty, ẹ má gé e o, please, ẹ má gé e!"

Táǹkì ti dé. Àwọn tó ṣe é ti yí páìpù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ padà, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ó yọ ikùn ju ti inú àwòrán lọ! Aṣọ ò fẹ́ pàdé lára ẹ̀. Mọ́tò tó máa gbé ọkọ̀ náà lọ síbi àyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́sàn-án, aṣọ fàdákà mìíràn á sì gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé.

Mo fa téèpù kúrò lọ́rùn mi, mo wọn táǹkì yẹn bí ẹni ń wọn abiyamọ. Mo tú u, mo yọ àyè jáde, mo tún un rán. Moinat fi sẹ́lótéèpù wọn bo ihò tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dá sí i. Mo wá gé èyí tó ṣẹ́kù dànù. Nígbà tí a wọ̀ ọ́ fún táǹkì, ó bá a mu rẹ́gí. Òṣùwọ̀n náà gbà á.

Ọ̀gá tí kì í jókòó wá jókòó. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ àná yẹn sọ. Mo ní, "In case it gets fat." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù care yẹn ni mo ya pátánù apá sùtánà sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mú ṣòkòtò kan wá bá mi, ó ní ó ti ń fún òun níkùn. Mo yí inú ẹ̀ síta. Kò sí àyè kankan! Mo kàn wò ó lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tijú ohun tí ọ̀gá yín kọ́ yín. Ẹ̀yin ńkọ́, àṣà iṣẹ́ àtijọ́ wo ló ti yọ yín níbi tí ẹ ò retí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á, tíì mi ti tutù báyìí. Ọ̀gá mi ní Mushin ò mọ ohun tó ń jẹ́ sátẹ́láìtì títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yẹn bá gbéra, ìwọ̀n ìka wọn kan ń bá a lọ sókè.