Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Bàbá

Káfíńtà ni, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ni ọkọ̀ bàbá ti ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ìyá sì ti fàáké kọ́rí.

"Ìbàdí mi kì í ṣe irin. Tó bá tún gbé mi sókè pẹ́nrẹ́n, ẹni tó fẹ́ rà á á wá wọ́ ọ lọ."

Káfíńtà ò fẹ́ kí wọ́n tà á. Ó kó irinṣẹ́ sẹ́yìnkùlé, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó yọ táyà, ó tú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì tó yẹ kó máa dín ìfò ọkọ̀ kù. Ó kọ́kọ́ di sípíríǹgì mú dáadáa, torí bó bá já mọ́ èèyàn lọ́wọ́, eyín ló máa kà nílẹ̀. Ó da ọ́ìlì tó ti dúdú dànù, ó pààrọ̀ rọ́bà tó ti gbó.

Ó wá ku ọ́ìlì tuntun. Èyí tó ki bí oyin ni bàbá máa ń rọ síbẹ̀. Bàbá á ní ohun tó bá le ló ń tọ́jọ́. Agolo rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Káfíńtà rọ ọ́ síbẹ̀ láì bèèrè. Ta ni ì bá tilẹ̀ bi?

Ó dè wọ́n padà. Ìyá gbà kí àwọn kàn dán an wò; ó wọ ọkọ̀, ó di àga mú. Kòtò kékeré kan, gbì! Gèlè ìyá kan òrùlé ọkọ̀.

"Ọkọ̀ nìyí àbí ọmọ odó?"

"Màmá, bí bàbá ṣe ń ṣe é ni mo ṣe é."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ wo ni mi ò bá wọn jà lórí oyin yẹn? Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ ọbẹ̀ mi." Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá ẹ mọ nǹkan púpọ̀, ọmọ mi. Wọn ò mọ èyí."

Káfíńtà wa ọkọ̀ wá sílé. Ó padà lọ tú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè. Bó ṣe ń da ọ́ìlì bàbá jáde, bí ẹni ń bá òkú jiyàn ló rí lára rẹ̀. Ó dà á náà. Ó ra èyí tó ṣàn, tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀kì gan-an, ó rọ ọ́, ó dè é padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá tún wọ ọkọ̀, ó lejú koko. Wọ́n dé orí kòtò. Iwájú ọkọ̀ rọra tẹ̀, ó rọra dìde, ó dúró. Òmíràn, bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá tú ọwọ́ kúrò lára àga. Káfíńtà fẹ́ yí ọkọ̀ padà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ni, màmá. Ẹ ní ká kàn dán an wò."

"Ilé kẹ̀? Máa lọ, jẹ́ ká yà kí àbúrò mi. Ẹni tó fẹ́ rà á, kó lọ wá tiẹ̀."

Káfíńtà ò dúró kí ìyá tún un sọ. Ó tẹná mọ́ ọkọ̀.