Ìwé Tí Mo Kà Láàárín Orúnkún Màmá Mi

Ní kékeré mi, nígbà tí à ń gbé yàrá kan ní Ṣógúnlé, kò sí ohun tí mo kórìíra tó ìwé kíkà. Ẹ má wò mí báyìí, ẹ̀yin ọmọ mi, pé mo wọ awò ojú, mo ń ka ìwé ìròyìn látòkèdélẹ̀. Nígbà yẹn, bí ẹ bá gbé ìwé síwájú mi báyìí, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Mo wà ní ìwé kẹta, tísà mi sì ti ránṣẹ́ sí màmá mi pé bí n kò bá lè kàwé geerege kí ọdún tó parí, àwọn ẹgbẹ́ mi á lọ, wọ́n á fi mí sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun màmá mi wọra. Abọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Òṣòdì. Kéú díẹ̀ ni wọ́n kà ní Ìṣẹ́yìn, wọn kò mọ̀wé rárá. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n fi ẹgba sí i, màmá mi kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń dirun fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń yan irun tí gbogbo ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ dì wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí kò bá dì í, ẹnu géètì ni wọ́n ti máa dá a padà. Ṣùkú ló kàn lọ́sẹ̀ náà. Mo jókòó sórí àpótí láàárín orúnkún màmá mi, ni wọ́n bá gbé ìwé ìtàn lé mi lẹ́sẹ̀.

"Kà á sí mi létí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, orí ń fọ́ mi."

"Orí náà ni mo dì mú yìí. Kà á jàre."

Bí mo bá ń kà, ọwọ́ wọn á máa lọ. Bí mo bá dákẹ́, ọwọ́ wọn á dúró. Mo sunkún, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀, ọwọ́ wọn kò tún lọ. Wọ́n ti di apá kan orí mi, apá kejì rí wúruwùru. Ta ló máa gbé irú orí bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́? Mo bá gbé ìwé.

Bí mo bá kọsẹ̀, wọn kò lè tọ́ mi sọ́nà. Wọ́n á kàn ní, "Ìyàwó ọba yẹn ńkọ́? Ṣé ó padà wálé?" Èmi náà á fẹ́ mọ̀, n ó tún ọ̀rọ̀ náà kà. Nígbà tó yá, èmi gan-an ni mo ń sáré gbé àpótí.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ka ìtàn ọdẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró. Mo pa ìwé dé, mo fọwọ́ kan irun mi. Ó ti parí pátápátá.

"Màámi, ìgbà wo lẹ dì í tán?"

"Ó ti pẹ́. Mi ò fẹ́ kó o dákẹ́ ni."

Ọwọ́ wọn ṣì wà lórí mi. Lọ́dún yẹn, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la jọ lọ.

Lóde òní, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń dirun fọ́mọ, wọ́n á gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kó má baà sunkún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà o, òbí ń wá oúnjẹ. Àárò ọwọ́ màmá mi ló kàn ń sọ mí. Lánàá, mo pe ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí òun náà kì í fẹ́ fojú rí ìwé, pé kó mú ìwé rẹ̀ wá jókòó láàárín ẹsẹ̀ mi.

"Grandma, wọ́n ti dirun mi now!"

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ìwọ ṣáà máa kà."

Mo gbọ́wọ́ mi méjèèjì lé e lórí, n kò sì gbé e kúrò títí ó fi kà á tán.