Ẹyẹ Tí Mo Fẹ́ Lọ Wò

Láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún mi pé ojú òsì mi ti ń lọ, pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀tún tẹ̀ lé e, n kò lè jókòó sójú kan mọ́. Oògùn tí mò ń kán sí i kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ìyókù ló lè bá mi dì mú díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń pariwo pé mò ń lọ wo ẹyẹ.

Agbe ni mo fẹ́ rí. Wọn kì í ṣàdúrà fún mi kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀, ẹyẹ tó ni aró, síbẹ̀ n kò rí i rí. Lékèélékèé ló kún Ọ̀fà wa níbí, tí wọ́n ń tẹ̀ lé màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin bí ẹni pé àwọn ló ni wọ́n. Wọ́n ti sú mi.

Ibi tí n ó lọ wá di wàhálà. Láàárọ̀, odò Kainji ni. Kí n tó mu ẹ̀kọ tán, mo ti rántí pé agbe kì í ṣe ẹyẹ odò, inú igbó ńlá ló ń gbé. Mo yí i sí igbó Oǹdó. Nígbà tó dọ̀sán, ẹnì kan ní wọ́n ti gé igi ibẹ̀ tán. Ó di Cross River, ọ̀nà ibẹ̀ tún ń bà mí lẹ́rù. Mo ń yí máàpù kiri lórí fóònù nínú kẹ̀kẹ́ títí oníkẹ̀kẹ́ fi gbé mi kọjá ilé, mo sì tún ń bínú sí i, bẹ́ẹ̀ èmi ni mi ò sọ̀rọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ìlọrin. Ta ló ń fi àmì ohùn sọ́rọ̀ lórí fóònù? Mo kọ ọ́ báyìí: "Alhaja, mo fe lo wo eye. E ba mi lo."

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló ṣe é? Òsì ni àbí ọ̀tún?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Eye ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ojú, ló kà.

"Ẹyẹ ni mo kọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyẹ tó ń fò."

"Ẹyẹ kẹ̀! O sì jẹ́ kí àyà mi já. Ojú ẹ ò ṣe nǹkan kan, ṣá?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá.

"Òsì ni," mo ní. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ká lọ síbi tí ohùn wọn ti pọ̀. Bí ojú ò bá rí i, etí á gbọ́."

Inú bí mi. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Alhaja. Aró agbe ni mo fẹ́ fi ojú mi rí." Ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀: Oǹdó ló súnmọ́, àmọ́ Cross River ni igi pọ̀ sí, àmọ́ ọ̀nà rẹ̀...

"Cross River là ń lọ," ó já lu ọ̀rọ̀ mi. "Ọ̀la ńkọ́?"

Mo ní wọn ò tíì fọwọ́ sí lìífù mi ní ọ́fíìsì wa ní Ilemona, nítòsí Ọ̀fà.

"Ṣé ojú ẹ náà ń dúró de lìífù ni?"