Àmín Tí A Kò Ṣe

Bí o bá gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa kọjá ní Òde-Ayé lásìkò tí wọ́n ń se epo, òórùn ẹyìn tó ń hó nínú àgbá ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ, kí òórùn tùràrí tó dé. Láàárín òórùn méjèèjì yẹn ni mo dàgbà sí. Lọ́sàn-án Sátidé, a ó jókòó sórí òkìtì ìhá, pàǹtí ẹyìn tí wọ́n ti fún, ní ẹbu tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ti ń se epo, ẹsẹ̀ wa á pọ́n fún epo, ìyá náà á sì bu pùpùrù fún wa pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó gbóná. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, a ó fọ ẹsẹ̀ náà mọ́ tónítóní, a ó wọ sùtánà funfun, a ó sì wọlé Ọlọ́run láìwọ bàtà.

Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí nínú ìjọ Aládùúrà. Wọ́n gbà pé àdúrà ọmọdé kì í pẹ́ lọ́nà. Bí obìnrin kan bá ń rọbí, àwa ni wọ́n á ránṣẹ́ pè. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, àwa náà ni. A ó kúnlẹ̀ yí abẹ́là ká, àgbà kan á máa gbàdúrà, àwa á sì máa ṣe àmín tí páànù òrùlé á fi máa dún. Àwọn kan ń rò pé eré lásán ni ọmọdé ń ṣe nírú ibẹ̀. Irọ́ ni. A gbà á gbọ́. A gbà pé Ọlọ́run ń dá ohùn wa mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń dá igbe ọmọ tirẹ̀ mọ̀ láàárín èrò ọjà.

Ọdún tí a fẹ́ wọ girama ni bàbá ọ̀rẹ́ mi kú. Ó fi oko ọ̀pẹ kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà Okitipupa, ibẹ̀ ni gbogbo ẹyìn tí ìyàwó rẹ̀ ń sè ti ń wá. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tó bí fún un. Ẹ̀gbọ́n olóògbé wá ní oko ẹbí kò gbọdọ̀ bá ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n olóògbé yìí náà ni Bàbá Ìjọ wa, òun ló ra páànù tí wọ́n fi kan ṣọ́ọ̀ṣì lórí, kò sì sí wòlíì tó lè wojú rẹ̀ kó sọ pé rárá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tí olórí ẹbí fi dá ọjọ́ tí wọn yóò jókòó lé e lórí. Àwa ọmọdé mọ̀ pé ìjà wà. A kò mọ̀ pé àwa ni wọ́n fẹ́ fi jà á.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìpàdé ẹbí yẹn, wòlíì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ ọmọdé gbààwẹ̀ wá, pé Bàbá Ìjọ ní ẹ̀bẹ̀ kan tó wúwo. Wọ́n ti gbé ìkòkò ìrẹsì kaná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí a ó fi ṣínu. Òórùn ata tí wọ́n ń dín ń gba ojú fèrèsé wọlé, ikùn wa ń kùn. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn láàárín àwọn obìnrin, ó tẹrí ba.

Wòlíì lu agogo. Ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún ìjọ, fún oko, fún ìdánwò wa, a sì ń ṣe àmín geerege. Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà.

“Opó tó jókòó sórí ogún tí kì í ṣe tirẹ̀, Olúwa, gbé e dìde! Kí ojú tì í níwájú ẹbí! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pariwo àmín!”

Mo lajú, mo wo àwọn yòókù, gbogbo wọn ti lajú. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé a kò jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ṣẹ́jú sí ẹnì kan. A kàn dákẹ́ ni. Alàgbà kan fi ẹ̀rín bò ó, ó ní, “Ebi ló ń pa wọ́n.” Wòlíì tún àdúrà náà gbà, ó fi agogo tì í lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́, débi pé a ń gbọ́ bí igi ṣe ń ta pàràpàrà lábẹ́ ìkòkò ìrẹsì níta.

Bàbá Ìjọ dìde. “Ṣé ẹ yadi ni?”

Mi ò mọ ibi tí ohùn ti wá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dáhùn. “A ò yadi, sà. Ìyá wa lẹ ń ṣépè fún.”

“Pa ẹnu rẹ dé!”

Mo pa á dé. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀, tó dìde dúró, tó sì gbàdúrà tirẹ̀. Kì í ṣe Yorùbá inú Bíbélì ló fi gbà á, èdè Ìkálẹ̀ ilé wa ni, irú èyí tí a fi ń bẹ ìyá wa pé kó bu ọbẹ̀ kún un. Ó ní kí Ọlọ́run wo màmá òun. Ó ní màmá òun kò jalè. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n gba oko bàbá òun. Kò ju ìyẹn lọ.

Àmín tí a ṣe sí i, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Àwọn obìnrin kan lápá ẹ̀yìn bá wa ṣe é.

Wọn kò fún wa ní ìrẹsì. Wọ́n yọ wá nínú ẹgbẹ́ ọmọdé, wọ́n ní ó dìgbà tí a bá wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú Bàbá Ìjọ. Nígbà tí a délé, ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó dúró lé mi lórí. Mo ti múra sílẹ̀ de pàṣán.

“Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, màámi. Ẹ ní kì í ṣe gbogbo àdúrà là ń ṣe àmín sí.”

Ó yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó lọ ro ẹ̀bà fún mi.

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó lọ kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a wọ sùtánà wa lọ sí ẹbu, a sì gbàdúrà níbẹ̀ láàárín àwọn àgbá epo tí wọ́n dojú wọn dé. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹbí ti wáyé ṣáájú ìyẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ròyìn pé nígbà tí Bàbá Ìjọ sọ̀rọ̀ tán, olórí ẹbí, tí kì í bá wa ṣe ìjọ kan náà, bi í pé: “Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé kò lè ṣe àmín sí, ṣé àwa àgbà lo fẹ́ kó wá bá ọ ṣe é?”

Síbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ bí ẹ̀rí inú ìwé ìròyìn ìjọ. Wọ́n gé apá oko tó kan títì fún Bàbá Ìjọ, ibẹ̀ ló sì dára jù. Ìyókù di ti ìyá náà àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n sì ń kórè rẹ̀ títí dòní. Inú bí ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ṣé ìdajì àdúrà òun ni Ọlọ́run gbọ́ ni? Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé Ọlọ́run gbọ́ gbogbo rẹ̀, àwọn ẹbí ló gbọ́ ìdajì.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ṣì ń gbàdúrà. Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá fẹ́ ní ìgbàgbọ́ bí ọmọdé, ká máa sọ bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo ohun tí àgbà bá sọ. Wọn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbàgbọ́ ọmọdé tí mo mọ̀, ebi ń pa á, òórùn oúnjẹ ń ta sí i nímú, agogo ń dún lé e lórí, ó sì kọ̀ láti fi orúkọ Ọlọ́run gún ìyá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ́bẹ. Mo ti jókòó ní ìpàdé àdúrà àwọn èèyàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń ṣépè fún òṣìṣẹ́ tó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, fún ìyàwó tó kọ̀ kí ọkọ máa lu òun. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní kí n pariwo àmín. Mo máa ń bi wọ́n léèrè, láìgbóhùn sókè, láì sì rẹ ohùn sílẹ̀: àmín sí kí ni?