Ìkíni Tó Dí Ẹnu Ọ̀nà

Léèsì ni màmá mi ń tà ní àdúgbò Madagascar, ní Douala níbí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó wà ní Bonabéri ti ń dínkù, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá tí wọ́n ń gbà wá ti sú wọn. Mo bá fọwọ́ sọ̀yà pé màá ṣe ìkànnì ayélujára fún un, kí wọ́n lè máa rajà láti orí ìjókòó wọn. Màmá mi, tí kò gbà rí pé iṣẹ́ ni kéèyàn máa tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ròyìn mi dé gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká.

Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

“Kó kọ́kọ́ kí wọn o. Èèyàn kì í wọ boutique mi kí n má kí i.”

Èèyàn gidi ì bá kọ “ẹ káàbọ̀” sókè, kó sinmi. Àṣejù, baba àṣetẹ́: èmi ṣe ìkíni tó bo gbogbo ojú fóònù. Ẹ kú ọjà, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Mo wá fi bọ́tìnì “Ẹ wọlé” sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń ṣòfin iṣẹ́ ìkànnì ṣíṣe wa lókè òkun ti fún wa ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ní ó bá gíga ojú fóònù mu rẹ́gí. Mo lò ó. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó dára débi pé mo ń yin ara mi.

Àṣé ìwọ̀n yẹn kì í yọ àyè tí ọ̀pá àdírẹ́sì, ibi tí à ń tẹ orúkọ ìkànnì sí, gbà lókè kúrò. Lórí fóònù kéékèèké, bọ́tìnì mi ti wọ abẹ́ lọ, kò ṣeé rí. Èmi náà ló sì dí ojú-ìwé náà pa kó má lè yí sókè sódò, torí ó wù mí kó dúró jẹ́ẹ́. Bóyá àwọn aṣòfin yẹn ò ra fóònù olówó pọ́ọ́kú rí. Èmi tí mo ní ọ̀kan lápò ńkọ́? N kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò rà. Màmá mi ń wo fóònù ṣáá, èmi ń fi ọjà tó dákẹ́ kẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan wọlé láti Bonabéri, eruku bò ó.

“Alájà, site yín mà kí mi o! Mo dáhùn, ó tún ń kí mi. Mo ní kí n kọjá, kò gbà. Ni mo bá gun ọ̀kadà bendskin, mo kúkú fẹsẹ̀ ara mi wọlé.”

Ojú tì mí, mo wolẹ̀. Màmá mi fa àga fún un, ó tú léèsì sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ná an. Obìnrin náà rà á.

Nígbà tó lọ tán, mo jẹ́wọ́ pé ìkànnì náà ti bàjẹ́, pé màá tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Màmá mi di ọwọ́ mi mú.

“Pardon, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án. Ó ń ṣiṣẹ́.”